Àgbéyẹ̀wò jákẹ́ẹ̀tì onífáíbà tó ń pààrọ̀ àwọ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wo fídíò aṣọ tó ń pààrọ̀ àwọ̀ kí n tó ra jákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi fáíbà ìmọ́lẹ̀ hun, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti wọ̀ ọ́ jó, mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti wọ̀ ọ́ rìn lálẹ́. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí fáíbà ti pàdé iná ni kí ẹni tó bá fẹ́ rà á yẹ̀ wò dáadáa, kì í ṣe iye àwọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí.

Fáíbà inú rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì bíi ti okùn íntánẹ́ẹ̀tì. Ike tó mọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní PMMA ni, ó tín-ín-rín débi pé ó ṣeé hun pọ̀ mọ́ òwú: òwú dúró ní òòró, fáíbà gba ìbú kọjá. Ike mìíràn bò ó lára bí èèpo, èèpo yìí ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sínú kó má baà sá lọ. Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, orí fáíbà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ì bá ti máa yọ, ara aṣọ á sì ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń ha fáíbà lára, tàbí kí wọ́n fi lésà gé e ní kéékèèké, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa jò jáde. Fáíbà fúnra rẹ̀ kò láwọ̀. Iná LED pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń po gbogbo àwọ̀ tí ẹ rí, fóònù ló sì ń sọ èyí tó máa pọ̀ àti èyí tó máa dín.

Nínú òkùnkùn, mo gbé apá rẹ̀ sún mọ́ ojú. Ojú ìmọ́lẹ̀ wínníwínní ló kún orí aṣọ náà bí ìrì àárọ̀ lórí ewéko, tí mo bá sì mi apá, gbogbo rẹ̀ á máa rìn. Àwọ̀ àlùkò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ohun mìíràn tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé iná mànàmáná kò wọ inú aṣọ rárá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń débẹ̀, kò sì gbóná sí ara.

Ní ọ̀sán gangan, ẹ má retí ohunkóhun. Oòrùn á bò ó mọ́lẹ̀. Aṣọ tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Central Florida ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 gba ọ̀nà mìíràn: wáyà tín-ín-rín wà láàárín òwú rẹ̀, ooru wáyà náà ló ń yí àwọ̀ òwú padà, nítorí náà ó hàn lójú mọmọ. Tèmi kì í ṣe irú ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká débi tó dùn mí. Ní ìbàdí, lábẹ́ aṣọ, wọ́n kó gbogbo fáíbà jọ ní ìdì kan, wọ́n dojú rẹ̀ kọ LED. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi yọ kúrò nínú ìdì náà, ìdajì apá òsì sì kú. Níbi ìgbọ̀nwọ́, àwọn tó ṣẹ́ ń mọ́lẹ̀ yòò lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ibẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní kò ṣeé tún ṣe, kí n ra òmíràn. Èyí kò dára rárá. Aṣọ tó ṣì lágbára kò yẹ kó di pàǹtírí nítorí ìdì kan ṣoṣo.

Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ṣókùnkùn ju òkè lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ti jò tán lọ́nà kò lè dé ìparí. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ha fáíbà díẹ̀ nítòsí iná, kí wọ́n sì ha á púpọ̀ sí i níwájú, tàbí kí wọ́n fi LED sí orí méjèèjì.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ yọ bátìrì àti LED, ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, ẹ má fún un. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, torí PMMA máa ń rọ̀ bí ooru bá ti súnmọ́ 100°C.

Fún oníjó àti òṣèré orí ìtàgé, mo ní kí wọ́n rà á. Fún aṣọ ojoojúmọ́, rárá. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á bóyá ìdì fáíbà ṣeé tú, tí ó sì ń ta àpótí LED lọ́tọ̀.