Fíìmù tí Ramsey Nouah darí, ẹ lọ wò ó
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo Living in Bondage: Breaking Free tán lórí Netflix, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ramsey yìí, tí màmá ẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, inú Fortunes lórí tẹlifíṣọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀ eré ní 1993, kó tó wá darí fíìmù tiẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ní 2019, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ olùdarí tó dáa jù ní AMVCA 2020, ìyẹn ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ó tọ́ sí i jàre! Òun náà ló ṣe Richard Williams, ẹ wo bó ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tan Nnamdi, ọ̀dọ́kùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ara mi bù máṣọ. Àwòrán fíìmù náà mọ́ kedere. Àárín ẹ̀ nìkan ló fà díẹ̀.