Àdúrà àárọ̀ orí WhatsApp tí mo ń gbọ́: mo fún un ní 4 nínú 5, àmọ́ ẹ fojú fo ti Sátidé

Ẹ̀yin èèyàn mi, àdúrà àárọ̀ orí WhatsApp ti pọ̀ lóde báyìí o, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ní tiẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kú-kú-kú ni ṣá, ọ̀tá ilé bàbá, ọ̀tá ilé ìyá, téèyàn bá fi máa ṣàmín tán á ti máa fura sí ìyá ọkọ ẹ̀. Eléyìí yàtọ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn rò ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù wọ́n á ti ju ọ́díò sínú gúrúùpù, kì í pẹ́, kí indomie àwọn ọmọ tó jinná ó ti parí, kì í sì í jẹ dátà. Ádímíìnì nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, nítorí náà kò sí pé igba èèyàn ń to àmín léra wọn. Mo gbádùn ìyẹn gan-an.

Bàbá àgbà kan ló ń ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀, Bíbélì àtijọ́ ló sì máa ń kà. Ó ka Ẹkún Jeremáyà orí 3, ibi tó ti ní àánú Olúwa, "ọ̀tun ni ní òròwúrọ̀", gbogbo wa la mọ ibẹ̀, a fi ń tọrọ mọ́tò tuntun. Bàbá ní ká ṣí orí 2 wò ná. Jerúsálẹ́mù ti bàjẹ́, ebi ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ kú lọ́wọ́ ìyá wọn, àárín ẹ̀ lẹni tó kọ ìwé yẹn wà tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀tun. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà àṣeyọrí.

Àmọ́ ti Sáàmù 51 ló pa mí. "Dá àyà tuntun sínú mi." Bàbá ní ká má tíì ṣàmín, ó gbé wa lọ sí Sámúẹ́lì Kejì orí 12: wòlíì Nátánì ń sọ fún Ọba Dáfídì, tó ti gba ìyàwó oníyàwó, nípa olówó tó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, Dáfídì gbaná jẹ, ó ní ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ kú, kó sì san án ní ìlọ́po mẹ́rin, Nátánì bá ní ìwọ ni ọkùnrin náà. Adájọ́ yẹn gan-an ló wá ń tọrọ àyà tuntun! Ó wá ní kí kálukú dárúkọ ẹni kan tó ti dá lẹ́bi lọ́kàn, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, mo tiẹ̀ ń gbọn fóònù. Ẹni tí mo dárúkọ ò kàn yín.

Ẹjọ́ mi rèé. Sátidé, pásítọ̀ kékeré kan ló máa ń gbà á. Ó ka Mátíù 7, "ẹ má ṣe dáni lẹ́jọ́", ó ka ti èérún igi ojú ẹlòmíì àti ìtì igi ojú ara ẹni, kò tíì mí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn sístà tó ń wọ ṣòkòtò àti wíìgì pé iná ń dúró dè wọ́n. Ha! Níbi èérún igi náà? Ẹsẹ 5 kúkú wà níbẹ̀, Jésù ò ní ká di ojú wa, ó ní kí onítìí kọ́kọ́ yọ tiẹ̀ kó lè ríran dáadáa. Nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ́díò láìpẹ́ yìí náà ò dùn mọ́ mi, kí wọ́n máa gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó tó. Wọn kì í sì í kọ ẹsẹ Bíbélì sílẹ̀ fáwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló pọ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó máa fi yín síbẹ̀, ẹ wọlé. Mọ́ńdè sí Fráídè, ẹ jí. Sátidé, ẹ máa sùn jàre.