Jungfraujoch, Zugspitze àti Pilatus: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo àwọn òkè Alps, tí kò sì fẹ́ fẹsẹ̀ gun òkè, kí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ orí wáyà gbé e dé òkè. Mo ti ṣe é níbi mẹ́ta: Jungfraujoch àti Pilatus ní Swítsàlandì, Zugspitze ní Jámánì. Owó ara mi ni mo ná sí gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn òbí tó ń tilé wá kí ọmọ, máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn lọ. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yàn: wọ́n á wo èyí tó ga jù, wọ́n á sì sanwó rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ojú ọjọ́ àti èémí ẹni tó ń lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí gíga òkè tó sọ tirẹ̀.

Jungfraujoch: yìnyín tó kọjá ohun tí ojú lè wò tán

Ibùdókọ̀ ojú irin tó ga jù ní Yúróòpù nìyí, 3,454 mítà sókè òkun. Adolf Guyer-Zeller, oníṣòwò ará Zürich, ló ronú kàn án. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1896, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1899, ọkọ̀ ò sì dé òkè títí di 1912. Kò lè ṣàì pẹ́, torí pé inú àpáta òkè Eiger àti òkè Mönch ni wọ́n lu ọ̀nà náà gbà, ihò tó gùn tó bíi kìlómítà 7.

Interlaken Ost lẹ ó ti gbéra. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ọkọ̀ kan náà ló ń pín sí méjì ní Zweilütschinen, apá kan á forí lé Lauterbrunnen, apá kejì á forí lé Grindelwald. Ẹ ka orúkọ ìlú tó wà lára ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ní Grindelwald Terminal lẹ ó ti bọ́ sínú Eiger Express, ọkọ̀ orí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2020. Ìṣẹ́jú 15 péré ló fi ń gbé èèyàn dé Eigergletscher, ògiri Eiger á sì máa bá yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni pé ẹ lè nawọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin á wọ inú òkè. Ó ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní Eismeer, 3,160 mítà, níbi tí wọ́n ti la fèrèsé sára àpáta. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ nígbà yẹn pé òun ti kúrò nílẹ̀.

Lókè, ohun tí ẹ sanwó fún gan-an ni Aletsch, odò yìnyín tó gùn jù ní Alps, tó lé ní kìlómítà 20. Odò ni mo pè é, torí pé ó ń ṣàn ní tòótọ́, àmọ́ ìṣàn rẹ̀ lọ́ra débi pé ojú èèyàn ò lè rí i. Ibi tí wọ́n ń pè ní Sphinx, 3,571 mítà, ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń gbéni débẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tí ojú ọ̀run mọ́, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò wá.

Lẹ́ẹ̀kejì ni mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, ó funfun bí ẹni pé wọ́n sọ èèyàn sínú ìkòkò ògì. A ò rí òkè, a ò rí yìnyín, a ò rí ju ọwọ́ ara wa lọ. Owó tí a san fún ọjọ́ tó mọ́ náà la san fún ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí gan-an.

Owó ọ̀hún sì wúwo. Láti Interlaken, àlọ àti àbọ̀, ó ń lé ní 200 fráǹkì fún àgbàlagbà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ta Swiss Travel Pass, káàdì ìwọkọ̀ fún àlejò ní Swítsàlandì, fún wa sọ pé káàdì náà kárí gbogbo ọ̀nà dé òkè. Irọ́ ni. Ó gbé wa dé Grindelwald lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kan yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó tó kù ni. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì la ti mọ̀, àwọn ọmọ ti wọ ìbọ̀wọ́ tán, kò sí bí a ṣe lè ní kí wọ́n bọ́ ọ. Bí ẹ bá ní Half Fare Card, ìdajì owó ló ń yọ, nítorí náà ẹ jókòó ṣírò èyí tó pé yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ gba ìjókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò ń pọ̀.

Ọ̀rọ̀ èémí, pàápàá fún àwa

Apá yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní 3,454 mítà, ọ́síjìn tó ń wọlé sára nínú mímí kọ̀ọ̀kan kò ju bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ẹni tó wà l'Ékòó ń mí lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le á kàn rí i pé àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré ti mú òun mí hẹlẹhẹlẹ, orí sì lè máa fọ́ ọ díẹ̀. Ẹ rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ mu omi, ẹ má sáré torí fọ́tò.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ọ́síjìn bá ti dín nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa wọn a máa tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, wọ́n á há sínú iṣan, ìrora á sì dé. Nínú àwọn ẹbí wa tí mo mọ̀, kò sí èyí tí kò ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nínú gbogbo ìwé ìpolówó tí mo kà nípa àwọn òkè wọ̀nyí, n kò rí ìlà kan tó bá wa sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Jungfraujoch tàbí Zugspitze fún SS tàbí SC láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ní kó lọ. Pilatus rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Àwọn AS náà, bí ìrora bá mú yín lókè ní ẹ̀gbẹ́ òsì lábẹ́ egungun ìhà, ẹ má rọ́jú: ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà.

Zugspitze: èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ

Bí ẹnì kan bá bi mí lójijì, tí kò sọ ọjọ́ orí, tí kò sọ iye tó wà lápò rẹ̀, Zugspitze ni mo máa ń sọ. Òun ló ga jù ní Jámánì, 2,962 mítà, owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí 70 yúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan yẹn ló kárí ọkọ̀ ojú irin orí òkè àti àwọn ọkọ̀ orí wáyà méjèèjì. Kò sí pé ẹ dé iwájú tí wọ́n á tún ní kí ẹ mówó wá.

Láti Munich dé Garmisch-Partenkirchen, ọkọ̀ ojú irin lásán ni, bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá pọ̀, Bayern-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ Bavaria, á dín owó apá yẹn kù, àmọ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì ní gbé yín gun òkè. Ní Garmisch, ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin eléyín. Ìlà irin kẹta wà láàárín méjì tí a mọ̀, eyín ló kún ara rẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín kan lábẹ́ ọkọ̀ sì ń gé e jẹ díẹ̀díẹ̀ gòkè. Ó parí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ ní 1930. Ìrìn náà lé ní wákàtí kan, apá ìkẹyìn rẹ̀ inú òkùnkùn àpáta ni, àwọn kan sì máa ń ráhùn pé ó pẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ara ń ráyè mọ gíga náà lára. Níbi tó ń já èèyàn sí, ní bíi 2,600 mítà, ẹ ó wọ ọkọ̀ orí wáyà kékeré dé ṣóńṣó.

Ọkọ̀ orí wáyà ńlá ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi gòkè. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá 2017. Òpó kan ṣoṣo ló gbé e ró, 127 mítà ni gíga rẹ̀. Láti orí òpó yẹn dé òkè, 3,213 mítà ni wáyà náà nà lófuurufú láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ 1,945 mítà. Bí ẹ bá dúró síbi gíláàsì iwájú, adágún Eibsee á máa tóbi lójú yín, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró pọ̀ lára rẹ̀, àwọn erékùṣù kéékèèké inú rẹ̀ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kì í fẹ́ dé etí báńkóní, gbá irin mú ní gbogbo ìgbà yẹn, ó sì kọ̀ láti dijú. Ó ní owó òun wà níbẹ̀.

Ààlà Jámánì àti Austríà gba orí òkè náà kọjá. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn bọ́ sí Austríà, kí ẹ padà, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìwé. Àgbélébùú wúrà tó wà ní ṣóńṣó gan-an ńkọ́? Àkàbà irin àti àpáta ni ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà pẹlẹbẹ, kó wò ó látòkèèrè.

Ohun kan bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀. Odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Schneeferner wà lábẹ́ ṣóńṣó náà, apá méjì ló ní. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Bavaria kéde pé apá gúúsù kò tún tó ohun tí à ń pè ní odò yìnyín mọ́, ó ti yọ́ kù díẹ̀. Ẹni tí yìnyín ńlá bá wù láti rí, Jungfraujoch ni kó lọ. Zugspitze ò lè fún un ní ìyẹn.

Pilatus: fún ìyá, fún bàbá, fún ẹni tó fẹ́ràn ọ̀nà

Orúkọ rẹ̀ á jọ yín létí. Pọ́ńtíù Pílátù inú Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì ni àwọn ará ibẹ̀ ìgbà àtijọ́ so ó mọ́. Wọ́n ní inú adágún kan lórí òkè náà ni òkú rẹ̀ wà, ẹni tó bá dà á láàmú yóò rí ìjì. Èèyàn ò gbọdọ̀ gun òkè náà nígbà kan. Lónìí, Lucerne lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé Alpnachstad, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín gòkè, ọkọ̀ orí wáyà á sọ yín kalẹ̀ ní ìdàkejì dé Kriens, bọ́ọ̀sì á sì dá yín padà sí Lucerne. Ẹ ò ní rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin eléyín, èyí ló ga ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù láyé. Níbi tó ti ga ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, bó bá ti lọ síwájú ní 100 mítà, ó ti gòkè ní 48. Eduard Locher tó kọ́ ọ, tí wọ́n sì ṣí i ní 1889, rí i pé eyín tó kọjú sókè kò ní dára, àgbá lè yọ lórí rẹ̀. Ó wá gbẹ́ eyín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin àárín, àgbá méjì sì há a mọ́ra ní ọ̀tún àti òsì.

Ìyá mi, tí orúnkún ń dùn, ni mo mú lọ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ sókè, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ìyí ò ní yọ̀?"

"Kò ní yọ̀, Màmá. Eyín ló fi di irin mú, bí ẹ ṣe di èmi náà mú yẹn."

Wọ́n yọjú wo ìsàlẹ̀, wọ́n rí màlúù tó ń jẹko létí ọ̀gbun pẹ̀lú agogo lọ́rùn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé òkè, èémí wọn ò yí padà, a sì rìn yíká lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a jókòó, a mu tíì. Ibùdókọ̀ òkè ò ju bíi 2,070 mítà lọ. Ìyẹn gan-an ni mo rà fún wọn.

Owó gígun rẹ̀ àti bíbọ̀, láìka ọkọ̀ ojú omi, wà ní àyíká 80 fráǹkì, Swiss Travel Pass sì ń yọ ìdajì. Àlébù rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, ọkọ̀ orí wáyà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ.

Àwọn nǹkan tó kù

Àwọn kan á bi mí léèrè nípa Aiguille du Midi ní Chamonix, nílẹ̀ Faransé. Ó lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ó ń gbé èèyàn láti 1,035 mítà dé 3,842 láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú. Ara ò ráyè kankan. Ọ̀dọ́ tó le nìkan ni mo lè fi í lọ̀.

Físà Schengen kan ló kárí gbogbo ibi tí mo dárúkọ. Ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á, kódà bí ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá pé.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú bí kò bá pọn dandan. Kámẹ́rà wà lórí òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń fi ojú ọjọ́ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ wò ó. Bó bá funfun, ẹ lọ wo ìlú lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ gòkè lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ nínú ìrìn àjò yín. Bí ẹ bá sì dé òkè, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò pátákó tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn sí, kí ẹ tó ya ti ara yín.