Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra gen: alumíníọ̀mù ni wọ́n ń kùn bíi kópà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó yọ owó. Iṣẹ́ gen ni mò ń ṣe, ohun tójú mi sì ń rí ti ń pọ̀ jù. Àwọn kan wà tó ń ta gen tuntun nínú páálí, wọ́n á máa pariwo pé kópà ni o, ojúlówó kópà, wọ́n á tiẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i pé kọ́ìlì ẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀ tó ń mú iná jáde, pupa dáadáa. Irọ́ ni. Wáyà alumíníọ̀mù ni, ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó ló pupa.

Àǹtí kan tó ń ta ẹja dídì ló gbé tiẹ̀ wá bá mi. 5 kVA, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹni tó tà á ní á gbé frísà méjì pẹ̀lú AC láì mí. Kò pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi rọ́bà tó ń jó, iná ń ṣẹ́jú, ló bá kú pátápátá. Mo tú u lójú wọn, mo fi bíléèdì ha orí wáyà kan, funfun báláú. Wọ́n ní ṣé fàdákà ni? Mo ní Àǹtí, ì bá dáa tó bá jẹ́ fàdákà. Wọ́n padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní warranty ò kan kọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì nìkan ló kàn, ríṣíìtì tó sì kọ fún wọn, "gen 1" péré ló wà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kò sí 5 kVA, kópà tó ń fẹnu pariwo ọjọ́sí náà ò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé alumíníọ̀mù fúnra ẹ̀ burú o. Tí wọ́n bá sọ fún ẹ, tí owó ẹ̀ sì wálẹ̀, tó jẹ́ bọ́ọ̀bù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lo fẹ́ fi tàn, ra tìẹ. Àmọ́ kì í gbéná tó kópà, ó sì máa ń tètè gbóná, kí wọ́n wá gbowó kópà lórí ẹ̀, olè nìyẹn. Kópà wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, torí náà gen méjì tí ẹ́ńjìnnì wọn dọ́gba, ẹ gbé wọn wò, ọwọ́ yín á sọ fún yín.

5 kVA yẹn gan-an, irọ́ ni. 5 kVA fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4,000 wáàtì, ẹ́ńjìnnì 6.5 horsepower ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Horsepower kan ò ju 746 wáàtì lọ, 6.5 ò tó 5,000, ìyẹn tó bá ń yí ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, tiwa ní Nàìjíríà ìgbà 3,000 ló ń yí kí iná ẹ̀ lè jẹ́ 50 hertz tí àwọn nǹkan iná wa ń lò, ooru á tún jẹ nínú ẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí 4,000? Sítíkà ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lẹ̀.

Bọ́ọ̀bù kan ni wọ́n máa fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ fún yín. Ẹ má gbà. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù méjì dání láti ilé, ẹ so méjèèjì mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí mítà tó ń wọn volt wà lára ẹ̀, tí iná ẹ̀ ò bá tó 200 volt mọ́, ẹ kó áyọ́ọ̀nù yín, ẹ máa lọ. Tó bá sì yege, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí èyí tí wọ́n tẹ́ẹ̀sì kọ́ ni wọ́n ń gbé sínú mọ́tò, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká gbé tuntun inú páálí fún yín", ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀. Tí ẹ bá sì lọ ra tòkunbọ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kí wọ́n tó fà á, tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín torí kì í tètè jí. Èéfín búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn.

Nǹkan tó tún bí mi nínú, ọkùnrin tó ta gen yẹn sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n máa gbé e sí páṣéèjì nítorí olè. Páṣéèjì kẹ̀! Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín gen, ò ní òórùn, ojú oorun ló ń pa odindi ìdílé mọ́. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ó kéré tán bí ogún ẹsẹ̀ bàtà sí fèrèsé, kẹ́ ẹ fi ṣéènì dè é tó bá jẹ́ ti olè.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti jó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wé kọ́ìlì ẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn kópà tuntun náà lórí ìwọ̀n lójú yín, kẹ́ ẹ sì gba kọ́ìlì tó jó lọ́wọ́ wọn, tí ẹni tó ta gen náà bá ṣì ń jiyàn pé kópà ni, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù, iye tí wọ́n bá ní àwọn á san máa fi hàn bóyá kópà ni.