Mo fọwọ́ ara mi họ iná ọkọ̀ mi: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù márùn-ún

Corolla 2005 ni mo ń wà. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mi ò sì kà á sí, àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ti Òṣú bọ̀ wá sí Iléṣà, tó ku díẹ̀ kí n gbá ọlọ́kadà kan tí kò tan iná. Tèmi ń tàn o, àmọ́ kò kọjá imú ọkọ̀.

Rewáyà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtàkúmọ̀sà ní kí n lọ ra tòkunbọ̀ méjì. Nígbà tó dárúkọ owó, ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló tó wà lára mi gbóná. Páálí tí wọ́n fi ń họ iná nílé ni mo lọ rà, ₦11,000. Sándípépà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, 800, 1500, 2000 àti 3000 (800 ló le jù, 3000 ló kúnná jù), pẹ̀lú ìpara ìdán kékeré kan àti aṣọ tín-ín-rín kan tí wọ́n ti fi òróró ìbòjú rẹ, èyí tí wọ́n fi ń bo ojú iná lọ́wọ́ oòrùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi pépà téèpù yí iná náà ká, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Èmi kánjú lápá ọ̀tún, sándípépà sì mú ọ̀dà ọkọ̀ jẹ. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo bu omi sí i, mo fi 800 bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ pọ́n bí omi àgbo. Mo ti rò ó sí ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Peugeot 504 bàbá mi, gíláàsì ni ojú iná tirẹ̀, kò pọ́n títí wọ́n fi tà á. Ike ni ti ayé ìsinsìnyí, wọ́n sì ń fi nǹkan bò ó nílé iṣẹ́ kí oòrùn má baà jẹ ẹ́. Ìbòjú yẹn ló gbó tó ń pọ́n. Ọṣẹ ìfọyín táwọn èèyàn ń júwe, mo ti lò ó rí. Ó dán, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà síbi tó wà.

Nígbà tí omi náà di funfun bí omidùn, mo mọ̀ pé ìbòjú àtijọ́ ti tán. Àmọ́ ẹ wo iná nígbà yẹn! Ojú rẹ̀ ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná: "Bàbá Ìbejì, ẹ kúkú ti fọ́ ọ lójú!" Àyà mi já, kí n má parọ́. Mo ń bá a lọ ṣá. Bí 800 bá lọ síwá-sẹ́yìn, kí 1500 lọ sókè-sísàlẹ̀, ẹ ó rí àpá tó kù kedere. Lẹ́yìn 3000 ni mo fi ìpara dán an, ojú rẹ̀ sì là. Gílóòbù inú hàn gbangba. Iṣẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ ni, apá á ro yín.

Ibi tí mo ti bínú sí wọn nìyí: aṣọ òróró kan ṣoṣo fún iná méjì! Mo fi yí ti òsì dáadáa. Kí n tó dé ọ̀tún, ó ti ń gbẹ. Ìwé inú páálí ní kí omi má kàn án fún odidi ọjọ́ kan, oṣù kẹfà sì ni. Òjò dé kí n tó kó bọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀.

Ní báyìí, òsì ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí mo ṣe é. Ọ̀tún ti ń pọ́n padà lápá òkè, níbi tí oòrùn ti ń pa á jù. Ìrì omi tó wà nínú rẹ̀ náà kò lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi páálí, òde ló ń họ, kò dé inú.

Méje nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Lójú ọ̀nà Òṣú, mo ti ń rí kòtò kí n tó já sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé báyìí, n ó tún ọ̀tún ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ òróró méjì ni mo rà.