Irinṣẹ́ Inú Ọkọ̀ Ìgbòkun: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà, Inú Kí Ló Yẹ Kí Ẹ Kó O Sí?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mú bébà àti bírò, ẹ wọnú ọkọ̀ yín, kí ẹ sì wo gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ sí ibi tí àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkun mú ti so mọ́ ọkọ̀, ẹ wo ìdí wíǹṣì (ẹ̀rọ tí a fi ń fa okùn), ẹ wo ìdí ìtọ́kọ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, bébà yẹn ló sì máa sọ ohun tí ẹ máa rà, kì í ṣe ẹni tó ń tajà.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni pé ìwọ̀n oríṣi méjì lè wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní bọ́ọ̀tì onínǹṣì, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì Yanmar láti Jàpáànì tó wà nínú rẹ̀, mìlímítà ló ń lò. Lóòótọ́, sípánà 13 mm máa wọ nọ́ọ̀tì 1/2 ínǹṣì, àmọ́ 12.7 mm ni nọ́ọ̀tì náà. Àyè bíńtín tó ṣẹ́kù yẹn tó láti bó gbogbo igun rẹ̀, pàápàá tó bá ti dípẹtà. 19 mm àti 3/4 ínǹṣì (19.05 mm) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, 8 mm àti 5/16 náà kò jìnnà síra. Nípa àwọn yòókù, ẹ má tan ara yín jẹ. Tí ọkọ̀ yín bá ń lo méjèèjì, ẹ ra méjèèjì, kí ẹ sì fi téèpù aláwọ̀ yàtọ̀ lé wọn lọ́wọ́, torí pé tí ilẹ̀ bá ṣú tí ìgbì sì ń mi ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń ráyè ka nọ́ńbà ara sípánà.

Àpótí tó ti kún, tàbí ká máa rà á lẹ́yọ lẹ́yọ?

Àpótí oníke tí wọ́n to irinṣẹ́ 150 sí máa ń wọ èèyàn lójú. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Púpọ̀ nínú 150 yẹn máa ń jẹ́ orí sikurudíráfà kéékèèké tó tún ara wọn ṣe, àti ìwọ̀n sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí irin oníhò tí a fi ń bo nọ́ọ̀tì láti yí i) tí kò sí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kankan nínú ọkọ̀ yín. Ẹ̀bìtì tí kò peku, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn: irinṣẹ́ tí kò níṣẹ́ nínú ọkọ̀, àyè àti ìwúwo lásán ló jẹ́.

Ó ní iyì tirẹ̀ ṣá. Ó dínwó tí ẹ bá pín in sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ojúkò kọ̀ọ̀kan sì wà fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹ óò tètè rí èyí tó já sómi. Èyí tí ẹ bá rà lẹ́yọ lẹ́yọ máa ń dára jù ní ojúlówó, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó pé, ọjọ́ tí ẹ bá sì nílò èyí tí kò tíì dé ni ẹ máa mọ̀ pé kò tíì dé.

Tí ẹ bá bi mí, àárín méjèèjì ni mo wà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá, kó ra àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ihò onígun mẹ́rin ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ̀, jẹ́ 3/8 ínǹṣì, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, kó wá máa fi ẹyọ kún un gẹ́gẹ́ bí bébà rẹ̀ ṣe sọ. 1/4 ínǹṣì kò lágbára tó fún nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì tó ti le. 1/2 ínǹṣì lágbára, àmọ́ orí rẹ̀ tóbi jù láti wọ kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń há ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbòkun mọ́. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tó bá pọ̀ jù lórí bébà yín, ẹ ra méjì rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onímìlímítà, 10, 13 àti 17 ni. Bọ́ọ̀tì tó gba àárín nǹkan kọjá ń fẹ́ sípánà kan lórí, òmíràn nísàlẹ̀. Ẹyọ kan kò lè wà níbi méjì.

Irin wo?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Irin tí wọ́n fi chrome vanadium ṣe ló pọ̀ jù lọ́jà: ó le, wọ́n sì da chrome bò ó lára. Bí ìbora yẹn bá ṣì pé, iyọ̀ kò rí i mú. Ibi tó bá ti bó ni ìpẹtà ń gbà wọlé, ibi tó sì kọ́kọ́ máa ń bó ni ẹnu sípánà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Inú rásẹ́ẹ̀tì náà, ọwọ́ tí a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní ààbò kan ju gírísì lọ. Irin tí wọn kò da ohunkóhun bò, ẹ má wulẹ̀ gbé e wọkọ̀. Kò sí bí a ó ṣe se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́.

Sítíìlì tí kì í dípẹtà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé irú kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ohun dídán orí ọkọ̀. Rárá o. Èyí tó wà lórí ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ irú sítíìlì tí wọ́n ń pè ní 316, tí kò le tó láti fi ṣe irinṣẹ́. Irú tí wọ́n lè sè títí yóò fi le ni wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́, irú yẹn sì lè yọ àbàwọ́n pupa tí omi iyọ̀ bá pẹ́ lára rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi púpọ̀ sàn ju chrome lọ, ó sì tún ní èrè kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: kì í fi irin kóńkó sára ohun tó bá kàn. Tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí sikurudíráfà tó ti ń dípẹtà ṣiṣẹ́ lára irin dídán orí ọkọ̀, tí ẹ wá rí àwọ̀ pupa níbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ irinṣẹ́ ni àbàwọ́n ti wá, kì í ṣe ara ọkọ̀. Wera, ilé-iṣẹ́ Jámánì, ń ṣe sikurudíráfà àti orí rẹ̀ lóríṣi tí kì í dípẹtà nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Titanium fúyẹ́, kì í dípẹtà, òòfà kì í fà á. Owó rẹ̀ ló burú.

Èyí tí èmi á rà ni chrome vanadium fún sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé nítòsí ẹ́ńjìnnì, níbi tí epo kì í ti í wọ́n, àti sítíìlì tí kì í dípẹtà fún sikurudíráfà àti kọ́kọ́rọ́ Allen tí ẹ̀ ń gbé jáde sórí ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnu irinṣẹ́

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tàbí onígun méjìlá? Onígun mẹ́fà ń di gbogbo ìhà nọ́ọ̀tì mú, kì í tètè bó igun nọ́ọ̀tì tó ti jẹrà. Onígun méjìlá ń rí ibi gbá mú lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìwọ̀n dígíìrì 30 péré, nígbà tí onígun mẹ́fà ń fẹ́ 60, ìyẹn ló fi wúlò ní kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò ti lè yí dáadáa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ mú onígun mẹ́fà. Sípánà olórùka, ẹ mú onígun méjìlá.

Sípánà tí a ń fẹ̀ tí a ń sún, ẹ ra kékeré kan àti ńlá kan tó lè gba nọ́ọ̀tì tó tóbi jù lọ́kọ̀ yín. Ẹ fi ẹ̀mú onítìpa, irú èyí tí ń di nǹkan mú tí ẹ bá ti jọ̀wọ́ ọwọ́, kún un.

Nípa sikurudíráfà, ẹ wo orí síkúrù yín dáadáa. Tí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin láàárín apá àgbélébùú náà, Pozidriv ni, ó sì pọ̀ gan-an lára ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Yúróòpù. Tí kò bá sí, Phillips ni. Orí Phillips máa ń wọ Pozidriv, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu, títí dìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó sì yọ, tó bó ojú síkúrù náà. Méjèèjì ni kí ẹ ní.

Iná

Ẹ̀rọ tí ń wọn iná, ẹ má ra èyí tó gbówó lórí jù. Lásán-lásán tó ń wọn fóòtì tó sì ń dún tí wáyà bá pé yóò ṣe ìdajì iṣẹ́ yín: bátìrì olójé 12 V tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bí 12.7 V, tó bá ti dé 12.2 V, ó ti lọ sí ìdajì. Èyí tó ní ẹnu bí alákàn, tí a fi ń há wáyà láti wọn agbára tó ń gba inú rẹ̀, dára jù láti wá ohun tó ń jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná ilé nìkan ni ẹnu alákàn yẹn lè wọ̀n, iná bátìrì kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀mú tí a fi ń tẹ ojú wáyà pọ̀: èyí tó ní rásẹ́ẹ̀tì kì í jọ̀wọ́ títí ẹ óò fi tẹ̀ ẹ́ dé òpin, nítorí náà gbogbo ojú wáyà ló ń rí bákan náà. Èyí tí kò ní, agbára ọwọ́ yín lọ́jọ́ náà ni. Ẹ ra onírásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ra ojú wáyà pupa, búlúù àti yẹ́lò pẹ̀lú rẹ̀. Ojé yíyọ́ nìkan kò tó láti di wáyà mú nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n.

Bí òpó bá wó

Ìlànà World Sailing, àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun lágbàáyé, fún ìdíje ojú òkun sọ ọ́ pọn dandan pé kí ọkọ̀ ní ohun tó lè tètè tú wáyà òpó kúrò lára rẹ̀ tàbí gé e, torí pé òpó tó wó sómi lè máa gbá ara ọkọ̀ títí yóò fi dá a lu. Àwọn tó ń jà sípò náà nìyí. Ayùn irin ló dínwó jù, àmọ́ wáyà tó ti dẹ̀ máa ń gbọ̀n kúrò lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ kó abẹ dáadáa tó pọ̀ dání. Ẹ̀mú ńlá tí a fi ń gé bọ́ọ̀tì yá ju ayùn lọ, ó ń fẹ́ apá méjèèjì yín àti ibi tí ẹsẹ̀ yín dúró gbọn-in gbọn-in, nǹkan méjì tó ṣọ̀wọ́n ní àkókò yẹn. Ẹ dán an wò lára àjákù wáyà tó jẹ́ ìwọ̀n tiyín kí ẹ tó fọkàn tán an. Ẹ̀mú tó ń fi ọ́ìlì ṣe agbára máa ń gé wáyà, títí kan ọ̀pá irin. Ó wúwo, ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ àbójútó. Ẹ̀rọ alágbára bátìrì tó ń yí abẹ róbótó yára, bí bátìrì rẹ̀ bá kún.

Síbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gé nǹkan kan: òòlù àti ọ̀pá irin kékeré, láti fi lu ìṣó tó so wáyà mọ́ ọkọ̀ jáde. Tí ẹsẹ̀ pínnì inú ìṣó yẹn bá ṣí díẹ̀ péré, tí kò lọ́ sẹ́yìn pátápátá, ìṣó náà kì í pẹ́ jáde. Tí okùn alágbára bíi Dyneema bá wà nípò wáyà yín, ọ̀bẹ mímú tó.

Ibi ìkópamọ́

| Inú kí la kó o sí? | Iyì rẹ̀ | Àléébù rẹ̀ |
|---|---|---|
| Àpótí irin | Kò lè fọ́ | Ó ń dípẹtà, ó ń họ ara ọkọ̀, ó ń pariwo |
| Àpótí oníke olójúkò | Ohun tó sọnù ń hàn | Omi ń dúró sínú ojúkò. Ó ń gba àyè |
| Kánfáàsì tí a ń ká bí ẹní | Ó ń wọ kọ̀rọ̀, kì í pariwo | Ó ń fa omi mu. Ẹ gbọ́dọ̀ sá a |
| Àpótí ike onídèérí rọ́bà | Omi kì í wọ̀ ọ́ | Omi kì í jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ń pa irinṣẹ́ jù. Èèyàn á fi irinṣẹ́ tútù sínú àpótí tó dì pa, á ti ìdérí, á sì rò pé òun ti ṣe ohun tó dára. Omi iyọ̀ ti wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ́ìlì pa á kí ẹ tó dé e. WD-40 tí wọ́n ṣe ní 1953 dára láti lé omi kúrò, orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bẹ́ẹ̀ (WD ni "Water Displacement", ìyẹn lílé omi kúrò), ṣùgbọ́n ìbora tó ń fi sílẹ̀ kì í pẹ́. Lanolin, ọ̀rá inú irun àgùntàn, máa ń lẹ̀ mọ́ irin fún oṣù mélòó kan. Ó ń mú ọwọ́ lẹ̀, ẹ óò fara dà á. Bébà tí ń tú oògùn ìpẹtà jáde sínú afẹ́fẹ́ àpótí wúlò, tí àpótí náà bá dì nìkan.

Àṣàyàn mi: kánfáàsì kíká fún sípánà àti sikurudíráfà, kí kánfáàsì náà wà nínú àpótí ike onídèérí rọ́bà. Ẹ̀rọ ìwọnná àti ojú wáyà wà nínú àpótí tiwọn.

Ibo ni kí ẹ gbé e sí? Ohun wúwo ń fẹ́ ìsàlẹ̀, ń fẹ́ àárín ọkọ̀, àmọ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù ni omi ń gbá jọ sí. Abẹ́ ìjókòó àárín ọkọ̀ ni, kì í ṣe abẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí kọ́ńpáàsì. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lójú nìkan: ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní kọ́ńpáàsì tirẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi pa mọ́ sẹ́yìn pákó tàbí sábẹ́ ibùsùn, níbi kan náà tó wù yín láti kó irinṣẹ́ sí. Àpò sípánà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó láti yí ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Irinṣẹ́ tí kì í dípẹtà náà, òòfà ń fa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí kọ́ńpáàsì ń kọ, ẹ gbé àpò náà síbẹ̀, ẹ tún wò ó. Tó bá sún, ẹ wá ibòmíràn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí rárá. Ohun tí ẹ máa fi gé wáyà òpó, pẹ̀lú òòlù àti ọ̀pá irin náà, kí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tó ń gbé yín jáde sórí ọkọ̀. Kí ọ̀bẹ àti iná ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń dí ihò abẹ́ ọkọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ìdí fáàfù tirẹ̀, kí ẹ fi okùn tín-ín-rín so ó mọ́ ọn, kí ẹ sì ti wọ̀n ọ́n wò lẹ́nu ihò náà nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀.