Oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró tàbí irin inú dírípù ṣáájú iṣẹ́ abẹ ọkàn?

Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹbí máa ń sáré wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló dín nínú ara rẹ̀; irin yìí náà ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró.

Oògùn oníhóró kò wọ́n, ilé ni a sì ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì lè mú kí ìgbẹ́ le. Kí ẹ̀rù má ba yín bí ìgbẹ́ bá dúdú. Irin inú dírípù wọ́n jù ú lọ, ilé ìwòsàn nìkan ni a ti ń gbà á, nítorí ara lè kọ̀ ọ́ lọ́nà tó léwu, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ó yá, kò sì gba ìfun kọjá, èyí tí mo kà sí pàtàkì, nítorí ìfun ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kì í sábà gba irin dáadáa.

Bí iṣẹ́ abẹ bá ṣì ku oṣù 3, tí inú sì gba hóró, hóró lè tó; bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ bi dókítà nípa dírípù.